Omi Abẹ́ Pákó

Atọ́wò na ahọ́n rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà, ó fà á padà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kò mọ́."

Jọláadé oníbodè ní kí ó tún un tọ́ wò. Ẹ̀rọ kì í jiyàn. Ó tún na ahọ́n rẹ̀ tó rí bíi kànrìnkàn, ó fi nu ìdí ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì sọ ohun kan náà ní ohùn kan náà. Iná pupa tàn lórí òpó ibodè. Àwọn tó tò sẹ́yìn pẹ̀lú ọkọ̀ ike wọn rí i. Ẹnì kan súfèé.

Ọkọ̀ igi ni. Òun nìkan ni irú rẹ̀ lórí ìlà. Orímisàn tó gbẹ́ ẹ dúró tì í, ó gbé àjẹ̀ lé èjìká. Ẹ̀gbọ́n baba Jọláadé ni. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan pákó bí ó bá jókòó.

"Inú ẹ̀rọ yín kò dùn lónìí," ni ó wí.

"Kì í bínú, Bàbá. Ṣé ẹ sá ọkọ̀ yìí?"

Ó fi àjẹ̀ tọ́ka sí èdìdì aláwọ̀ búlúù tó wà ní imú ọkọ̀. Jọláadé wò ó. Ojúlówó ni. Wọ́n ti da omi inú rẹ̀ nù ní ibodè ìlú wọn, wọ́n ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, wọ́n ti sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Dà á nù, fọ̀ ọ́, sá a: àwọn ọmọdé ń fi ṣeré àtẹ́wọ́. Kò sí ọkọ̀ tó ń ti inú omi kan bọ́ sínú òmíràn láìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ènìyàn pàápàá ń fọ̀. Bàtà Orímisàn ṣì ń rú èéfín, nítorí ó ti la agbada omi gbígbóná tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọjá bíi gbogbo àlejò. Bí ajá bá tẹ̀lé ẹni tó ni ín wá, ajá náà á là á kọjá.

Jọláadé wọ inú ọkọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ṣí pákó ìtẹ́lẹ̀. Omi wà lábẹ́ rẹ̀. Kò jìn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àpò tútù kan tẹ́ sínú rẹ̀.

"Bàbá, omi wo nìyí?"

"Omi ọkọ̀ ni."

"Ẹ ní ẹ ti sá a."

"Mo sá a. Ó gbẹ débi pé mò ń gbọ́ bó ṣe ń kérora. Nígbà tí wọ́n lẹ èdìdì mọ́ ọn tán, mo bu omi sí i. Ṣé kí n jẹ́ kó sán ni?"

 Jọláadé mọ̀ ọ́n. Nínú ìdílé wọn, kí ọmọ tó mọ àjẹ̀ dì mú ni yóò ti mọ̀ pé ọkọ̀ igi kì í sùn ní gbígbẹ. Wọ́n á bu omi sábẹ́ pákó, wọ́n á tẹ́ àpò tútù sí i. Òun fúnra rẹ̀ ti pọn omi bẹ́ẹ̀ nígbà kékeré. Àwọn tó ṣòfin sísá kò ní ọkọ̀ igi. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ohun tí igi yóò ṣe.

Ó bi Orímisàn níbi tí ó ti pọn omi náà. Orímisàn ní èbúté àwọn ni, níbo ni òun yóò tún ti pọn ọ́n.

Ní ọ̀sà ni èbúté wọn wà. Alẹ̀mọ́dìí ti gba ọ̀sà tipẹ́. Ìkarawun dúdú kan ni, kò tó kóró ẹ̀gúsí. Kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ tó gbé e dé. Ó lẹ̀ mọ́ òpó, ó lẹ̀ mọ́ àwọ̀n, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó jẹ oúnjẹ ẹja tán, ẹja lọ. Lẹ́yìn náà ó wọ páìpù. Ní ìlú tí wọ́n bí Jọláadé sí, ẹ̀rọ omi wúkọ́ fún ọdún kan, ó ń bi ìkarawun jáde, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ibẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ ti kó wá sókè yìí, sétí Adágún Ọ̀tọ̀. Ìlú mẹ́sàn-án ló ń mu omi adágún náà. Kò sí omi mímọ́ mìíràn tó ṣẹ́ kù ní gbogbo agbègbè náà.

Ó bu omi abẹ́ pákó sínú ife, ó gbé e síwájú ojú dígí tó wà lára òpó. Àwòrán rẹ̀ yọ gàǹgà lára ògiri. Àwọn ọmọ alẹ̀mọ́dìí, kéékèèké bíi yanrìn, ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n ní irun lára, irun náà ń mì. Àwọn tó wà lórí ìlà na ọrùn wò ó.

Orímisàn wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ó ní wọ́n kéré. Jọláadé ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kéré.

Ó wá sọ ohun tó kù fún un. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà lórí ìsá. Òun yóò kó gbogbo pákó rẹ̀ sóde, òun yóò da omi gbígbóná sí i láti òkè délẹ̀, òun yóò fi èdìdì pupa lù ú, yóò sì wà nínú oòrùn láìsí àpò tútù lórí rẹ̀. Bó bá gbẹ, Atọ́wò yóò tún un tọ́ wò.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Ètè gbogbo ènìyàn ti là. Orímisàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un ohun tí ọyẹ́ àti oòrùn yóò ṣe sí igi tó ti gbẹ lẹ́ẹ̀kan, tó mumi yó, tí wọ́n tún fẹ́ gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí igi ọ̀pẹ̀pẹ̀, irú èyí tó fi gbẹ́ ẹ, tó tó bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú igbó kankan. Eré àjẹ̀, ìdíje ọkọ̀ tí ó tìtorí rẹ̀ wá, yóò bẹ̀rẹ̀ bí oòrùn bá kan àtàrí.

"Mi ò gbà," ni ó wí.

Ọ̀dọ́kùnrin kan láti orí ìlà ní kí bàbá gbé ọkọ̀ náà lọ fi dáná kí àwọn lè ráyè kọjá. Orímisàn kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Tìrẹ ni kò ṣeé fi dáná. Yóò máa rùn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú.

Orí ẹ̀rín yìí ni Olóyè Akínṣẹ̀yẹ bá wọn.

Kò tò. Mọ́tò tó ń fa ọkọ̀ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ìlà wá síwájú, àwọn ènìyàn sì yà fún un. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbafẹ́ lórí omi. Òun ni yóò ṣí eré àjẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ funfun, ó ga bí ilé, àgbá ńlá sì wà nínú ikùn rẹ̀. Bó bá dórí omi, yóò fa omi kún àgbá náà kí ọkọ̀ lè wúwo, kí ó lè máa ru ìgbì ńlá sẹ́yìn, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè fi pákó gun ìgbì. Èdìdì wúrà, tí kì í jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọkọ̀ wò, wà ní imú rẹ̀.

Atọ́wò rí èdìdì náà. Ó ká ahọ́n rẹ̀ kò. Iná pupa kú, iná àwọ̀ ewé tàn. Ibodè ṣí fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ igi nìkan ló ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, imú rẹ̀ yọ díẹ̀ síta.

Olóyè sọ̀ kalẹ̀, ó kí gbogbo wọn. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní àná yìí ni àwọn ṣì ń gbádùn ara àwọn ní ọ̀sà, ojú ọ̀nà ni ilẹ̀ mọ́ àwọn sí.

Jọláadé bi í pé, "Sà, ṣé àgbá inú ọkọ̀ yín ṣófo?"

"Ó ṣófo bí ikùn aláàwẹ̀."

Jọláadé wo táyà. Ó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo ìdí ọkọ̀. Omi ń kán láti ibi ìdérí àgbá, ẹyọ kan, ó dúró, ẹyọ kan. Ó fi ìka hàn án. Olóyè ní ìrì ni. Jọláadé ní, ìrì kẹ̀, nínú ọyẹ́ yìí? Olóyè rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ìka ti ara rẹ̀ kan èdìdì wúrà.

Ẹ̀rọ etí Jọláadé dún. Ọ̀gá Túnwàṣẹ ni, olórí àwọn oníbodè, láti olú ìlú. Ó ti ń wò wọ́n láti ojú dígí òpó. Ó ní kí Jọláadé jẹ́ kí Olóyè kọjá. Jọláadé ní omi wà nínú ọkọ̀ náà. Ọ̀gá ní òun kò rí omi, èdìdì ni òun rí. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ bíi bàbá. Ó ní ibodè ti ṣí, kì í ṣe Jọláadé ló ṣí i, ohun tí ẹ̀rọ bá ṣe kò sí lọ́rùn ènìyàn. Ó bi í bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe. Ó ní ilé tí wọ́n ń gbé dára, ilé oníbodè ni, yóò dunni bí ẹni tó wà níbẹ̀ bá ní láti kó jáde.

 Jọláadé rìn lọ síwájú mọ́tò Olóyè, ó dúró sáàárín ọ̀nà. Awakọ̀ fun fèrè. Kò kúrò.

"Ẹ jẹ́ kó tọ́ ọ wò, sà. Kò ní pẹ́."

Olóyè kò bínú. Ó wo àwòrán tó ṣì wà lára ògiri, ó wo ọkọ̀ igi, ó wo Orímisàn. Ó bi Orímisàn bóyá òun ló ni ọkọ̀ tí wọ́n ti rí nǹkan yìí. Orímisàn ní òun ni. Ó bi í bóyá ọmọ rẹ̀ ni oníbodè. Orímisàn ní ọmọ àbúrò òun ni.

"Ṣé ẹ rí i," ni Olóyè sọ fún àwọn tó wà lórí ìlà. "Alẹ̀mọ́dìí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, kò tíì fi èdìdì pupa lù ú. Èmi tí wọn ò rí nǹkan kan lọ́wọ́ mi ló ń dí lọ́nà."

Àwọn kan mi orí. Òótọ́ ni. Èdìdì pupa ṣì wà nínú àpò Jọláadé.  Kò mọ̀ pé òun ti ń fi í falẹ̀ títí di ìgbà náà.

Olóyè wá súnmọ́ Orímisàn, ó gbé ọwọ́ lé ọkọ̀ igi náà. Ó ní ọkọ̀ tó rẹwà ni. Ó ní baba òun àgbà tukọ̀ irú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, èdìdì mi gba ọkọ̀ méjì. Ẹ tẹ̀ lé mi wọlé. Ẹ wà á lọ́sàn-án yìí, kí àwọn ọmọ wọ̀nyí rí ohun tí wọ́n ń pè ní ọkọ̀. Ọmọ yín kò ní rú òfin kankan. Èmi ni mo mú yín wọlé."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dé. Jọláadé rí ojú Orímisàn. Ọwọ́ rẹ̀ mú àjẹ̀ le. Bó bá wọlé, ọkọ̀ rẹ̀ yóò yè. Jọláadé yóò wà lórí iṣẹ́, ìyá rẹ̀ yóò wà nínú ilé. Kò sí ẹni tí yóò pàdánù nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Jọláadé kò sọ fún un pé kí ó má lọ. Kò lè sọ ọ́. 

Orímisàn padà wo ògiri. Wọ́n ṣì ń lúwẹ̀ẹ́.

"Bí àwọn yìí bá wọ inú adágún," ni ó bi í, "kí ni wọn yóò ṣe?"

"Wọn yóò wá ibi tí wọn yóò lẹ̀ mọ́."

"Wọn yóò rí i?"

"Wọn yóò rí i, Bàbá."

"Àtiyọ wọ́n ńkọ́?"

"Ẹnikẹ́ni kò tíì yọ wọ́n rí."

Ó mi orí. Ó yíjú sí Olóyè.

"Ẹ ṣeun," ni ó wí. "Èmi kì í tẹ̀ lé olè wọ ilé onílé."

Ẹ̀rín kúrò lójú Olóyè. Ó bi í bóyá ó mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀.  Orímisàn ti kọjú sí Jọláadé. Ó bi í ibi tí wọ́n ti ń sá ọkọ̀. Jọláadé fi pápá ìsá hàn án lọ́wọ́ òsì. Ó bi í bóyá òfin ló ní ibẹ̀ ni kí wọ́n sá a sí.

Jọláadé ronú. Ó ní rárá. Òfin ní ibodè tí a bá ti rí alẹ̀mọ́dìí nínú ọkọ̀, níbẹ̀ ni kí a sá a, bí èdìdì pupa bá sì ti wà lára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé e síwájú tàbí sẹ́yìn títí yóò fi gbẹ. Àwọn oníbodè ló ń wọ́ ọ lọ sí pápá nítorí ìlà.

"Má wọ́ ọ," ni Orímisàn wí.

Ó gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Ó di imú ọkọ̀ mú, ó fà á. Àgbàlagbà ni, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́, nítorí wọn kò tíì mọ ohun tí ó ń ṣe. Nígbà tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ náà ti dábùú ẹnu ibodè láti òpó dé òpó. Ó ṣí pákó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sílẹ̀. Ó fi ife gbọ́n omi inú rẹ̀ sínú kòtò ooru tí wọ́n ń da omi burúkú sí, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Omi náà ń ké nínú kòtò. Ó fún àpò tútù, ó jù ú sí i pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Jọláadé fa okùn omi gbígbóná wá. Ó fọ ọkọ̀ náà nínú àti lóde. Èéfín bo òun àti Orímisàn. Ó gba igun kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kò fo ibì kankan. Nígbà tí ó parí, ó yọ èdìdì pupa nínú àpò.

"Orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀?" ni ó bi í, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bi gbogbo ènìyàn.

"Orímisàn ọmọ Ikúẹ̀sàn. Gbẹ́nàgbẹ́nà."

Ó fi èdìdì lu imú ọkọ̀, lórí búlúù.

Atọ́wò ní, "Ọkọ̀ wà lórí ìsá. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án." Iná àwọ̀ ewé kú. Ẹ̀rọ náà wo èdìdì wúrà, ó wo èdìdì pupa, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Ẹni tó ṣe èdìdì wúrà kò rò ó pé ọkọ̀ kan lè wà lórí ìsá lẹ́nu ọ̀nà.

Olóyè ní kí Jọláadé tú èdìdì náà. Ohùn rẹ̀ kò jẹ́jẹ́ mọ́.

"Mi ò lè tú u, sà. Ẹ̀yin náà ò lè tú u."

"Ta ló lè tú u?"

"Oòrùn."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín sínú lórí ìlà. Olóyè pe awakọ̀ rẹ̀ pé kí ó wá gbé pàǹtí yìí kúrò lọ́nà. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dé ibi ọkọ̀ náà, ó rí èdìdì pupa, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní kí ọ̀gá òun dárí ji òun. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fọwọ́ kan irú rẹ̀ lọ́dún kan, ó ṣì wà níbi tí wọ́n mú un lọ. Ó padà sídìí mọ́tò rẹ̀.

Ẹ̀rọ etí tún dún. Ọ̀gá Túnwàṣẹ kò rẹ ohùn sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí Jọláadé ka ara rẹ̀ sí ẹni tí a lé. Ó ní ẹlòmíràn ti wà lójú ọ̀nà, kí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Jọláadé jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.

"Mo gbọ́, sà. Ẹni tí ẹ rán bọ̀, ẹ ní kó mú fìlà dání. Oòrùn ibí mú. Ọkọ̀ yìí kò sì ní tètè gbẹ."

Ó yọ ẹ̀rọ náà kúrò létí, ó gbé e lé orí òpó.

Oòrùn kan àtàrí, eré kò bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan yí padà, wọ́n ń ṣépè. Àwọn kan jókòó sábẹ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n ń jẹun. Ọkọ̀ Olóyè ṣì wà níbẹ̀, ó ń kán. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù, gbogbo ènìyàn sì ń wò ó. Kò sí ẹni tó tún pè é ní ìrì. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn mọ́tò dún, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀, Olóyè gba ibi tí ó gbà wá padà. Kò kí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ́kùnrin tó sọ̀rọ̀ iná láàárọ̀ wá bá Orímisàn. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀ tán. Ó ní láti oṣù mélòó kan ni òun ti ń múra eré yìí, bàbá sì ti bà á jẹ́.

"Padà wá lọ́dún tó ń bọ̀," ni Orímisàn wí. "Omi á ṣì wà."

Ọ̀dọ́kùnrin náà fa ọkọ̀ ike rẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ igi náà sán fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohùn rẹ̀ kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ èèpo ẹ̀pà. Ìlà tín-ín-rín kan gba abẹ́ imú rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Jọláadé wo Orímisàn. Ó bi í bóyá kí àwọn lọ sábẹ́ ibòòji.

"Èmi ni mo gbẹ́ ẹ," ni ó wí. "Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn, ó na ẹsẹ̀. Jọláadé jókòó tì í. Níwájú wọn, lẹ́yìn ọkọ̀ náà, adágún náà ń dán. Wọ́n ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ó tún sán. Ó sán lẹ́ẹ̀kẹta, èyí dún. Eruku mọ́tò kan yọ lókèèrè láti ọ̀nà olú ìlú. Jọláadé rí i. Ó dìde, ó gbọn yanrìn aṣọ rẹ̀ nù, ó lọ dúró sẹ́nu ibodè, ó kẹ̀yìn sí ọkọ̀ náà, ó kọjú sí eruku.